Ọdún Tí Adìẹ Di Èèwọ̀ Nílé Wa

Orí ni Ròfọ́ kọ́kọ́ jẹ.

Ó ti gbé pẹ́pẹ́yẹ náà jáde láti inú koríko gíga bó ṣe yẹ kó gbé e, ó ti ń sáré bọ̀ wá bá ìyá àgbà mi níbi tó dúró sí, gbogbo àwa tó wà nítòsí sì ti ń múra àtipàtẹ́wọ́. Ni ajá bá dúró láàárín pápá. Ó rọra gbé ẹyẹ náà kalẹ̀, ó dùbúlẹ̀ tì í bí ẹni tó jókòó ti àwo oúnjẹ rẹ̀, ó fi eyín gé orí pẹ́pẹ́yẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a sì ń gbọ́ egungun tó ń fọ́ lẹ́nu rẹ̀, kàrà, kàrà. Adájọ́ obìnrin tó jókòó sórí àga aláṣọ ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi fi ọwọ́ bo ẹnu kó má bàa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gba imú rẹ̀ jáde.

Ìdíje àwọn ajá ọdẹ ni a lọ. Wọn a yìnbọn sókè, wọn a ju pẹ́pẹ́yẹ tó ti kú sínú koríko lọ́nà jíjìn. Ajá gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó kọ́ ọ títí adájọ́ yóò fi ní ó yá, kó tó sáré lọ gbé ẹyẹ náà wá, kó sì fi lé olúwarẹ̀ lọ́wọ́ láìfi eyín bà á jẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí ajá dúró lọ́nà jẹun.

Màmá àgbà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Bàtà òjò aláwọ̀ ewé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ró ìró lé ṣòkòtò òtútù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà nínà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ lókè, bó ṣe nà án sílẹ̀ de ajá. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí Ròfọ́ fi jẹ orí yẹn tán, tó gbé ìyókù, tó sì ń ju ìrù bọ̀ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ rere. Ó gba pẹ́pẹ́yẹ aláìlórí náà lẹ́nu rẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Sọ fún ìyá adájọ́ pé kó má bá ajá yìí wí o. Ìpín rẹ̀ ló jẹ. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, èmi sì ni ẹnu Màmá àgbà nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ibi tó bá lọ, mo gbọ́dọ̀ bá a lọ kí n lè máa bá a túmọ̀. Mo sọ fún adájọ́ pé ìyá àgbà ní kí wọ́n má bínú. Mi ò mọ ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà ṣàlàyé ìpín fún un. Adájọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa, ó sì ní kí a mú ajá wa kúrò lórí pápá.

Laurel, ìlú kan lẹ́bàá DC, là ń gbé, nínú ilé kékeré kan tó ní ọgbà lẹ́yìn, kò jìnnà sí títì Route 1. Ìyá mi a máa wa ọkọ̀ lọ sí Greenbelt láàárọ̀, a wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní DC. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ó ń sùn lọ́sàn-án. Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe lọ mú Màmá àgbà, tó jẹ́ ìyá tó bí ìyá mi, wá láti Ṣakí. Ó dé pẹ̀lú àpótí tó kún fún èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti panla gbígbẹ, òórùn panla yẹn sì wọ gbogbo aṣọ rẹ̀ tó fi jẹ́ pé kí n tó rí i ni mo ti máa ń mọ̀ pé ó ti wọ yàrá. Ó máa ń so èérún rẹ̀ mọ́ etí ìró. Bí mo bá ṣe ohun tó dára, á tú u, á fún mi jẹ.

Ọdẹ ni bàbá tó bí i. Ajá rẹ̀ ni àwọn ọdẹ àdúgbò wọn máa ń wá yá, Màmá àgbà ló sì ń tọ́ àwọn ajá náà láti kékeré. Ó ń se oúnjẹ wọn, ó ń já eégbọn lára wọn, ó ń fi epo pa ẹsẹ̀ èyí tí ẹ̀gún bá gún. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí wọ́n so ṣaworo mọ́ wọn lọ́rùn, iṣẹ́ tirẹ̀ parí nìyẹn, torí nílé tiwọn obìnrin kì í bá ọdẹ wọ igbó. Á dúró lẹ́yìnkùlé, á máa gbọ́ ṣaworo títí kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tí wọ́n bá padà dé, ẹran tó ti kú ló ń rí nílẹ̀ ìdáná. Kò fojú rí ajá kankan lẹ́nu iṣẹ́ rí nínú gbogbo èyí tó tọ́.

"Mo dàgbà, mo bímọ, mo darúgbó," bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún mi nìyẹn. "Ohun tó kù tí mò ń fẹ́ ò pọ̀. Kí ajá tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ gbé ẹran wá bá mi nínú pápá, kó fi lé mi lọ́wọ́, kí n fojú mi rí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní kí Ọlọ́run ṣe é fún mi."

Ìyá mi rò pé àwàdà ni. Ta ló máa wá ajá ọdẹ rí ní Laurel? Kò mọ̀ pé ìyá òun ti ń bá ẹni tó ní in sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ọgbà.

Bàbá aládùúgbò wa ni. Èèyàn dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé, tó sì ń sin irú ajá tó ń gbé ẹyẹ tí ọdẹ bá yìn lulẹ̀ wá fún un. Màmá àgbà gbin ewúro àti tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀bá ọgbà onígi tó pààlà ilé méjèèjì. Bí ó bá ń roko, á máa wo bàbá náà bó ṣe ń kọ́ àwọn ajá rẹ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn, dúdú bí ìdí ìkòkò, tí orí rẹ̀ tóbi, tó sì le. Bí bàbá bá ju nǹkan, á sáré lọ gbé e, ṣùgbọ́n kì í fi í sílẹ̀. Á máa gbé e yí ọgbà ká, bàbá á máa sáré tẹ̀ lé e, títí bàbá á fi jókòó sórí koríko kó lè mí.

Ọjọ́ kan ni bàbá náà sọ fún wa pé ajá yẹn ò ṣeé kọ́, òun máa fún ìbátan òun kan kó fi ṣe ajá ilé. Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá àgbà tú etí ìró rẹ̀, ó mú èérún panla kan, ó na ọwọ́ gba àárín igi ọgbà, ó ní, "Fún mi." Ajá wo ọwọ́, ó gbóòórùn, ó ronú díẹ̀. Ó tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá àgbà, ó sì gba ẹja.

"Sọ fún un," ni Màmá àgbà wí fún mi, "pé ajá rẹ̀ ò ya aláìgbọràn. Wọn ò fún un ní ìpín rẹ̀ ni."

Bàbá aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ó dáa, ilé òun ni ajá á máa sùn, kí Mama máa kọ́ ọ. Mama ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun orí tirẹ̀ náà ti funfun. Ìyá mi ní kí ajá má sáà ti wọlé òun, pé ṣé Màámi rò pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń kọ́ ajá ni. Ìdí nìyẹn tí Màmá àgbà fi sọ ajá náà ní Ẹnu-dùn-ún-ròfọ́. Nílé bàbá rẹ̀, orúkọ ajá ni wọ́n fi ń fèsì fún ẹni tí wọn ò fẹ́ bá jà: bó o bá pe ajá lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó kàn á gbọ́. Àràárọ̀ ló ń dúró lábẹ́ fèrèsé ìyá mi, tó ń pe orúkọ náà tán pátápátá. Àwa yòókù gé e kúrú sí Ròfọ́.

Ìpín yìí ló kó wa sí ìjọ̀gbọ̀n. Ní Sátidé, Màmá àgbà máa ń ní kí ìyá mi gbé òun lọ ra adìẹ agbalágbà níbi tí wọ́n ti ń tà á láàyè, torí ó ní adìẹ ilé ìtajà ńlá ò ní egungun. Gbogbo orí adìẹ yẹn, Ròfọ́ ló ń jẹ ẹ́. Nílé bàbá rẹ̀, ajá tó bá lé ẹran mú ló ni orí ẹran, ọdẹ tó bá sì fi ìpín ajá dù ú, bí ajá bá já a sílẹ̀ nínú igbó, kó má wí. Bàbá aládùúgbò ò mọ̀ nípa orí adìẹ. Àwa náà ò mọ̀ pé ajá ń fi í sọ́kàn. Ìgbà tí a dé ibi ìdíje lóṣù kẹrin, tí Ròfọ́ rí ohun tó ní ìyẹ́, tó ní orí, ó mú tirẹ̀.

Inú pikọ́ọ̀pù bàbá aládùúgbò la wà, a ń ti apá ìsàlẹ̀ county wa, níbi tí oko ṣì wà, bọ̀. Oko tábà àtijọ́ ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà, àwọn ilé onípákó tí wọ́n ti ń sá tábà láyé ọjọ́un ṣì wà lọ́tùn-ún lósì. Inú ọkọ̀ ń rùn fún irun ajá tútù. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, bàbá náà ní kí n sọ fún Mama pé òun bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ajá tó bá ti tọ́ ẹyẹ wò, ó ti parí. Ìdíje mìíràn ṣì wà lóṣù kẹwàá, bí ó bá wù ú kó gbìyànjú, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn òun á mú ajá lọ fún ìbátan òun. Oṣù kọkànlá sì ni Màmá àgbà fẹ́ padà sílé, torí orúnkún rẹ̀ ò gba òtútù mọ́, kò sì dájú pé yóò tún lè wá.

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wo ojú fèrèsé títí a fi dé Route 1.

"Sọ fún un," ó wí níkẹyìn, "pé ohun tí mo fi ọwọ́ mi kọ́ ọ, ọwọ́ mi náà ló máa gbà á padà."

Ọbẹ̀ adìẹ ni ìyá mi sè sílẹ̀ dè wá lọ́jọ́ yẹn. Ó ti ń bù ú sáwo nígbà tí Màmá àgbà fi ọwọ́ bo tirẹ̀.

"Láti òní lọ, a ò jẹ adìẹ mọ́ nínú ilé yìí."

Ìyá mi gbé ṣíbí dúró. "Màámi, kí ló dé? Ṣé ẹ ní allergy ni?"

"Ajá yẹn ń gbóòórùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ohun tí èmi ń jẹ, kí ni mo fẹ́ sọ fún un tí òun ò fi ní jẹ ẹ́?"

"Nítorí ajá? Màámi, ẹ jọ̀ọ́ now! Fíríìsà kún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra family pack lánàá ni."

"Kó o fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín. Nílé bàbá mi, nígbà tí ajá kan ń jí ẹyin jẹ, gbogbo agbo ilé ò jẹ ẹyin títí ó fi gbàgbé rẹ̀. Èèwọ̀ ni. Bí ìdí rẹ̀ bá parí, a ó jẹ ẹ́."

"Nuggets ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kí ni wọ́n fi ń ṣe é?"

"Adìẹ."

"Ìwọ náà ti rí i."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi, tó lè bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ jiyàn láti àárọ̀ dalẹ́, kì í lè bá ìyá rẹ̀ jiyàn ju gbólóhùn méjì lọ. Ilé wa di ilé ẹja. A jẹ panla, a jẹ ẹja gbígbẹ, a jẹ Títù títí mo fi ń lá àlá rẹ̀. Bàbá mi ń jẹ adìẹ tirẹ̀ níbi iṣẹ́, á sì fọ ọwọ́ fọ ẹnu nídìí ẹ̀rọ omi inú ọgbà kó tó wọlé, gbogbo wa á sì ṣe bí ẹni pé a ò rí i. Nílé ìwé, obìnrin tó ń bu oúnjẹ bi mí bóyá ẹ̀sìn wa ni kò jẹ́ kí n jẹ adìẹ. Mo ronú sí i, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá á gbé itan adìẹ síwájú Màmá àgbà, wọ́n á ní, "Ìyá Ajá, ẹ gba ọ̀kan, ajá yín ò sí níbí." Á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì ti àwo náà padà sí wọn jẹ́jẹ́.

Kí ìyá mi tó jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, a ti máa ń wà lẹ́yìnkùlé. Mo ṣì ń gbọ́ bí ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń dún bí ó bá jáde, àti bí bàtà rẹ̀ ṣe ń dún nínú ìrì. Orí àpótí ìjókòó kékeré ló ń jókòó nítorí orúnkún rẹ̀, Ròfọ́ á jókòó síwájú rẹ̀, ojú wọn á dọ́gba. Bàbá aládùúgbò fún wa ní ẹyẹlé tó ti kú, tó ń tọ́jú sínú fíríìsà tirẹ̀. Màmá àgbà á rọra gbé e sí ajá lẹ́nu, á fi ọwọ́ méjèèjì gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú bí ẹni gbá ojú ọmọ mú, á ní, "Mú un. Má bù ú." Wọ́n á máa wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, á na àtẹ́lẹwọ́, á ní, "Fún mi." Bí ajá bá fi í sílẹ̀ láìfi eyín tẹ̀ ẹ́, panla á jáde látinú etí ìró. Bí ó bá fi eyín tẹ̀ ẹ́, Màmá àgbà ò ní pariwo, kò ní lù ú. Á pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé, á gbé àpótí rẹ̀, á wọlé. Ó di ọ̀la nìyẹn. Àìmọye àárọ̀ ló ti parí kí n tó so okùn bàtà mi tán.

Títí di ìgbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dá gbogbo èèyàn lóhùn nílé. Mo ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ yàtọ̀ sí àgékù ọ̀rọ̀ tí mo fi ń túmọ̀ fún Màmá àgbà, ẹnu mi ò gbé e. Ṣùgbọ́n Ròfọ́ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ wa, bí mo bá sì fẹ́ kó dá mi lóhùn, àfi kí n sọ ọ́ bí Màmá àgbà ṣe ń sọ ọ́. Dúró. Jókòó. Rọra. Mú un. Fún mi. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo kọ́kọ́ sọ. Nígbà tó yá, mo ń bá a ṣàwàdà, mo ń rojọ́ ilé ìwé fún un, mo ń bú u bó bá jí ìbọ̀sẹ̀ mi gbé. Ìyá mi gbọ́ mi látojú fèrèsé lọ́jọ́ kan, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ lọ́rùn. "Ajá ló wá kọ́ ọmọ mi ní Yorùbá," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin já a sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Kì í ṣe pé nǹkan ń lọ geere. Nígbà tí ooru mú gan-an, ọmọ ẹyẹ kan já bọ́ látorí igi sínú ọgbà, Ròfọ́ sì gbé e mì kí a tó dìde. Ìyẹ́ kan ṣoṣo ló kù lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. Bàbá aládùúgbò tó ń wò wá látọ̀dọ̀ rẹ̀ mi orí, ó padà wọlé. A padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, Màmá àgbà tún ń gbé ẹyẹlé dídì sí i lẹ́nu bí ẹni pé oṣù kẹrin la wà. Mo bínú. Mo ní ajá yìí ò ní mọ̀ ọ́n láé, mo sì fẹ́ jẹ adìẹ.

"Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún," ni Màmá àgbà wí.

"Ṣé kìnnìún náà ò kí ń jẹ adìẹ ni, Màmá?"

Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi di igi ọgbà mú. Ó ní ẹnu mi ti mú jù, òun máa sọ èmi náà ní orúkọ ajá.

Ẹnu tirẹ̀ náà ní ìyà tirẹ̀. Òfin ìdíje ni pé bí ìbọn bá ti dún, ẹni tó mú ajá dání ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí adájọ́ yóò fi ní ó yá. Màmá àgbà tó ń kí igi ewúro rẹ̀ láàárọ̀! Ó rí i pé òun ò lè dákẹ́, ni ó bá ń bu omi sẹ́nu. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ròfọ́ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, èmi á ju ẹyẹlé lọ sí apá kejì ọgbà, wọ́n á sì máa wò ó, ẹni kan ò gbọdọ̀ fọhùn, ẹni kejì ò gbọdọ̀ dìde. Ọjọ́ kan ni ó sín. Omi bo ajá lórí, síbẹ̀ Ròfọ́ ò dìde. Ọjọ́ yẹn ni bàbá aládùúgbò wá síbi ọgbà, tó sì béèrè lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tí Mama máa ń sọ bó bá na ọwọ́.

Oṣù kẹwàá dé. Ìyá mi bá wa lọ lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun fẹ́ fojú òun rí ohun tó gba adìẹ lẹ́nu òun. Ìkùukùu bo oko tábà náà, ewé ti pọ́n, ilẹ̀ ń rùn fún ẹrẹ̀ àti kọfí tí àwọn èèyàn ń mu láti inú ife bébà. Súwẹ́tà méjì ló wà lọ́rùn Màmá àgbà. Ó ń tiro bó ṣe ń lọ síbi tí wọ́n ní kó dúró sí, Ròfọ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí okùn, ó ń dẹsẹ̀ dè é. Wọ́n jẹ́ kí n dúró lẹ́yìn rẹ̀ nítorí ìtumọ̀, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ìbọn dún, gbòà! Òórùn ẹ̀tù gba inú ìkùukùu wá bá wa. Pẹ́pẹ́yẹ fò kọjá lókè, ó já bọ́ sínú koríko. Gbogbo ara Ròfọ́ ń gbọ̀n, ìdí rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Adájọ́ ní ó yá.

"Ròfọ́!"

Ajá fò jáde. Ó wọ inú koríko, a ò rí i mọ́, a ń rí bí koríko ṣe ń mì. Ó jáde pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ lẹ́nu, ó ń sáré bọ̀. Nígbà tó dé bí ibi tó ti jẹ orí ìjọ́un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́. Ó dúró. Ó gbé ẹyẹ náà kalẹ̀.

"Jésù," ni ìyá mi wí lẹ́yìn okùn tí wọ́n fi pààlà pápá.

Ajá tẹ orí ba, ó ń gbóòórùn ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Màmá àgbà lè pè é, àmọ́ wọ́n á gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, òun gan-an sì ti sọ fún mi pé bí òun bá pè é, ohùn òun ló gbọ́ nìyẹn, kì í ṣe pé ó ti gbọ́n. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó bu omi sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kò sí omi níbẹ̀. Ròfọ́ gbójú sókè, ó wo ọwọ́ yẹn. Ó wo pẹ́pẹ́yẹ. Ajá la ẹnu, ó gbé ẹyẹ náà ní àárín ìhà, ó sì gbé e bọ̀, ó jókòó síwájú rẹ̀.

"Fún mi," ni Màmá àgbà wí.

Ó fún un.

Adájọ́ dìde wá yẹ ẹyẹ náà wò bóyá eyín ti bà á jẹ́, ó na ọwọ́ kí Màmá àgbà gbé e fún òun. Màmá àgbà ò gbé e fún un. Ó ti gbá pẹ́pẹ́yẹ tútù náà mọ́ àyà, ó tẹ orí lé e, ó ń sunkún sí ìyẹ́ rẹ̀. Adájọ́ na ọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. "Màámi, ẹ fún wọn now," ni ìyá mi ń sọ lẹ́yìn okùn. Màmá àgbà mi orí, ó fà á mọ́ra sí i.

Bàbá aládùúgbò ló gba abẹ́ okùn jáde. Ó wá dúró síwájú rẹ̀, ó yọ fìlà, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí Màmá àgbà ṣe máa ń nà án, kò yára, kò fipá mú un.

"Fún mi, Mama," ó wí.

Màmá àgbà gbójú sókè. Ó wo ọwọ́ náà. Ẹ̀rín bá ẹkún pàdé lójú rẹ̀, ó sì gbé pẹ́pẹ́yẹ náà lé bàbá náà lọ́wọ́. Bàbá gbé e fún adájọ́, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì mú èérún panla kan jáde, èyí tó ti bẹ̀ mí pé kí n jí wá fún òun, pé kó lè wà nílẹ̀ bí ajá bá ṣe dáadáa. Màmá àgbà ló fi í lé lọ́wọ́. Ó ya á sí méjì, ó fún Ròfọ́ ní ìlàjì, ó sì ju ìlàjì yòókù sẹ́nu ara rẹ̀.

A ò gbégbá orókè. Ajá tó bá gbé ẹyẹ kalẹ̀ lójú ọ̀nà kò lè gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kò kan ẹyẹ náà, wọ́n sì fún wa ní rìbọ́n aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún àwọn tó parí iṣẹ́ wọn. Ìyá mi dín adìẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò tiẹ̀ tíì bọ́ kóòtù rẹ̀. Ìbátan bàbá aládùúgbò ò rí ajá gbà mọ́. Ẹ̀bá ẹsẹ̀ bàbá náà ni Ròfọ́ wà títí tí ó fi darúgbó, Yorùbá ni bàbá sì ń bá a sọ títí ajá fi kú, ohùn ibẹ̀ kò tọ̀nà níbì kan, ajá sì ń gbọ́ ọ.

Ní oṣù kọkànlá, a sin Màmá àgbà lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo di etí ìró rẹ̀ mú, mo ní mi ò ní jẹ́ kó lọ. Ìyá mi bẹ̀ mí, bàbá mi bẹ̀ mí. Màmá àgbà ò bẹ̀ mí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, títí ojú wa fi dọ́gba, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi, ó sì dákẹ́. Mo gbé etí ìró náà lé e lọ́wọ́. Ó tú kókó tó wà níbẹ̀, ó mú panla, ó fi sí mi lẹ́nu. Mi ò rí i mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ṣakí ló sùn sí, nígbà tí mo wà ní yunifásítì.

Àwọn èèyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bí ọmọ tí wọ́n bí síbí ṣe wá ń sọ Yorùbá báyìí. Mo máa ń ní ìyá àgbà mi ló kọ́ mi. Mi ò kì í fi kún un pé èmi àti ajá kan la jọ wà ní kíláàsì. Mo ti ní ọmọbìnrin tèmi báyìí, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Láàárọ̀, lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ní Greenbelt, ó máa ń di kóòtù mi mú, kì í fẹ́ fi mí sílẹ̀, èmi gan-an kì í sì í fẹ́ kó fi mí sílẹ̀. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo máa ń na ọwọ́ mi sí i, mo máa ń dákẹ́. Bí ó bá fi kóòtù náà lé mi lọ́wọ́, mo máa ń mú èérún panla kan jáde nínú àpò mi. Ó máa ń ní, "Mommy, ó ń rùn." Síbẹ̀, ó máa ń la ẹnu.